Ẹ ka káàdì àjẹsára ọmọ yín kí ẹ tó máa wá ìyọ̀ǹda

Ẹ̀yin tí ẹ ń kó ọmọ lọ bá ọkọ tàbí ìyàwó yín ní Amẹ́ríkà, ilé ìwé ibẹ̀ máa ń béèrè àjẹsára kí ọmọ tó wọlé, ṣùgbọ́n ẹ má tíì bi mí ní ọ̀rọ̀ ìyọ̀ǹda, ìyẹn ìwé tó ń jẹ́ kí ọmọ wọ ilé ìwé láìgba àjẹsára kan. Ẹ gbé káàdì wá ná. Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì ni mí. Ẹni tó bá kan ilẹ̀kùn mi ní Ọbá-Ilé lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí, ọ̀rọ̀ káàdì ló sábà máa ń bá wá.

Déètì ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Ọjọ́ 2 oṣù kẹjọ ọdún 2020 ni wọ́n bí ọmọ-ọmọ mi. Nígbà tó pé oṣù 15, ó gba abẹ́rẹ́ èéyi kejì, wọ́n sì kọ 5/11/2021 sí káàdì. Ilé ìwé kan ní Texas kà á sí ọjọ́ 11 oṣù karùn-ún, torí oṣù ni àwọn máa ń kọ ṣáájú. Ọmọ oṣù mẹ́sàn-án ni wọ́n rí níbẹ̀, wọ́n ní àwọn kò ka abẹ́rẹ́ náà. Ìyá rẹ̀ bú sẹ́kún sí mi létí lórí fóònù. Mo padà sí ibùdó abẹ́rẹ́, mo ní kí wọ́n tún gbogbo déètì kọ sínú lẹ́tà, kí wọ́n kọ orúkọ oṣù jáde, kí wọ́n sì lu òǹtẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ̀yin náà ṣe kí ẹ tó kúrò ní Àkúrẹ́.

Ẹ wá ka ohun tó wà níbẹ̀. Penta, abẹ́rẹ́ kan tó ń dènà àrùn márùn-ún, tí a ń gún ní ọ̀sẹ̀ 6, 10 àti 14, wúlò fún àwọn ilé ìwé Amẹ́ríkà. Èéyi tí ọmọ gbà ní oṣù mẹ́sàn-án kò sí nínú ìṣirò wọn, àfi èyí tó bá gbà lẹ́yìn ọdún kan. Wọ́n tún fẹ́ ti ṣegede àti rùbẹ́là mọ́ ọn. Pólíò tí a kán sẹ́nu láti oṣù kẹrin ọdún 2016, wọn kì í kà á. Èyí tí a gún ni wọ́n ń kà. Chickenpox kò sí lórí káàdì wa rárá. Àlàfo lásán nìyẹn, dókítà ibẹ̀ yóò dí i. Kì í ṣe ohun tí ẹ ó torí ẹ̀ wá ìyọ̀ǹda.

Bí ó bá wá di ìyọ̀ǹda lóòótọ́, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní òfin tirẹ̀. Gbogbo wọn ló gba ti àìlera, bí dókítà bá kọ̀wé pé ara ọmọ kò gbà á. New York fagi lé ti ẹ̀sìn ní 2019. California ti fi òfin 2015 pa ti èrò ara ẹni rẹ́. Ní Texas, òbí lè búra sínú ìwé pé ọkàn òun kò gbà á. Ọdún méjì ni ìwé náà máa ń lò, bí àjàkálẹ̀ àrùn bá sì dé, wọ́n lè ní kí ọmọ yẹn jókòó sílé. Nítorí náà, ẹ má yá ìwé ẹni tó ń lọ Houston ní Texas bí ẹ bá ń lọ Brooklyn ní New York.

Àwọn kan á ní ṣebí nílé níbí kò sí òfin. Ó wà o! Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti 2003, abala 13, ní kí ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì gba àjẹsára pé. Òbí tó bá kọ̀ lè san tó ₦5,000. Owó tí kò ra nǹkan kan lọ́jà Ọba mọ́, ṣùgbọ́n òfin ni.

Ẹ ya fọ́tò iwájú àti ẹ̀yìn káàdì. Inú báàgì ọwọ́ ni kí ojúlówó rẹ̀ wà, kì í ṣe inú ẹrù tí wọ́n ń kó sábẹ́ bàálù.