Omi rádíétọ̀ ń dín kù, ilẹ̀ sì gbẹ: ibo ló ń gbà lọ?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Camry 1999 ni mo fi ń kó máńgòrò láti Ògbómọ̀ṣọ́ lọ sí ọjà Akẹ̀sán ní Ọ̀yọ́. Ó ti tó oṣù kan tí mi ò lè lọ kí n bọ̀ láìbu omi sí rádíétọ̀. Bí mo bá jí, tí mo wo abẹ́ ọkọ̀, ilẹ̀ gbẹ táútáú. Omi inú rẹ̀ wá pọ́n bí àgbàrá. Mẹkáníìkì kan ní ẹ́ńjìnì ti lọ, kí n ra òmíràn. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?

Ìdáhùn: Màmá, ẹ kú ìnáwó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì ra ẹ́ńjìnì kankan. Omi tó dín kù, ibì kan ló gbà lọ: bí kò bá jò síta, á jẹ́ pé ó ń wọnú ọ́ìlì tàbí inú ihò tí epo ti ń jó. Ìta la ó kọ́kọ́ wò, torí òun ló wọ́pọ̀ jù.

Ilẹ̀ tó gbẹ láàárọ̀ kò tíì sọ nǹkan kan. Bí ẹ́ńjìnì bá gbóná, omi inú rádíétọ̀ tí a dé pa á máa fipá wá ibi tó ti lẹ̀. Ìgbà náà ló ń yọ́ jáde, irin gbígbóná á sì gbẹ ẹ́ kó tó kán sílẹ̀. Àmọ́ ó máa ń fi ojú ẹ̀ sílẹ̀ bí iyọ̀ tó gbẹ, tàbí kó pọ́n bí ìpẹtà. Ẹ wá a létí kílíìpù họ́ọ̀sì àti lára ike orí rádíétọ̀, torí ike tó ti gbó máa ń sán. Ẹ fọwọ́ tẹ kápẹ́ẹ̀tì lẹ́sẹ̀ ẹni tó ń jókòó ti dírẹ́bà náà: omi A.C. tó bá kán síbẹ̀ á mọ́ gaara, ti rádíétọ̀ kékeré inú dáṣíbọ́ọ̀dù, èyí tó ń mú inú ọkọ̀ móoru, á pọ́n.

Kí ẹ wá ṣe èyí. Bí ẹ bá ti Ọ̀yọ́ dé, ẹ má pa ọkọ̀. A.C. ni kí ẹ pa, kí omi rẹ̀ má bàa tàn yín jẹ. Ẹ tẹ́ páálí sábẹ́ ẹ́ńjìnì, kó máa ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú 10. Bí ọwọ́ gééjì ìgbóná bá ń gòkè, ẹ pa á kíá. Ẹ má sì ṣí rádíétọ̀ nígbà tó bá gbóná o! Mo ti rí ọmọṣẹ́ kan tí omi bó láti ọrùn ọwọ́ dé ìgúnpá.

Ìbéèrè: Màá tẹ́ ẹ lálẹ́ yìí. Bó bá jẹ́ inú ẹ́ńjìnì ló ń lọ ńkọ́?

Ìdáhùn: Láàárọ̀, kí ọkọ̀ tó gbóná, ẹ fa irin tí a fi ń wo ọ́ìlì yọ. Bí ọ́ìlì bá dà bí ògì tí a da mílíìkì sí, omi ti wọ̀ ọ́, ẹ má wà á mọ́. Ẹ tún ṣí rádíétọ̀ tútù, kí ẹ bu omi kún un, kí ẹ sì sítáàtì. Afẹ́fẹ́ tó há lè tú jáde díẹ̀ níbẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá ń hó láìdákẹ́ bíi pé ó wà lórí iná, nígbà tí kò tíì gbóná, èéfín ẹ́ńjìnì ló ń wọ̀ ọ́: tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì, ìyẹn awẹ́ tó ń dí àárín orí ẹ́ńjìnì àti ara rẹ̀, ti lọ. Bó tilẹ̀ jẹ́ bẹ́ẹ̀, gásíkẹ́ẹ̀tì la ń pààrọ̀.

Ìbéèrè: Ọ̀gá, páálí tutù! Apá ọ̀tún ni, nítòsí táyà iwájú, ó sì pọ́n. Ọ́ìlì mọ́, omi kò hó. Omi kànga ni mo ń bù sí i láti ọdún mẹ́ta.

Ìdáhùn: Inú mi dùn, màmá. Ẹ́ńjìnì yín ò tíì lọ. Apá ọ̀tún ni wọ́tà pọ́ńpù Camry yín wà, òun ló ń ti omi káàkiri ẹ́ńjìnì; táímìn bẹ́líìtì, ìyẹn bẹ́líìtì inú ẹ́ńjìnì, ló ń yí i. Ihò kékeré kan wà lára rẹ̀. Bí síìlì inú rẹ̀, ohun tó ń dí omi mọ́nú, bá ti jẹ, ibẹ̀ ni omi ń gbà. Ẹ ní kí wọ́n fi ihò náà hàn yín.

Omi kànga yẹn ló dá a sílẹ̀. Kò ní ohun tó ń dènà ìpẹtà, ìpẹtà sì ń ha síìlì bíi yanrìn, ó tún ń dí ihò tín-ín-rín rádíétọ̀. Ó máa ń dùn mí tí wọ́n bá ní ìlú yìnyín nìkan ni kúláǹtì, omi oògùn tí a ń dà sí rádíétọ̀, wà fún. Ó ń dènà ìpẹtà, ó sì ń jẹ́ kí omi pẹ́ kó tó hó.

Kí wọ́n pààrọ̀ bẹ́líìtì pẹ̀lú pọ́ńpù, torí títú kan náà ni, omi sì lè ti bà á jẹ́. Kí wọ́n fọ inú ẹ́ńjìnì títí omi yóò fi jáde ní mímọ́. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n sọ tàmọ́sítáàtì nù, ìyẹn ìlẹ̀kùn kékeré tó ń ṣí fún omi bí ẹ́ńjìnì bá ti gbóná tó. Lẹ́yìn náà, ìdajì kúláǹtì, ìdajì omi distilled, ìyẹn omi tí a ti yọ iyọ̀ àti ìdọ̀tí inú rẹ̀. Kúláǹtì tí wọ́n bá ti pò mọ́ omi láti ilé iṣẹ́, ẹ má bomi là á mọ́. Bó bá di ọjọ́ kẹta, ẹ tún tẹ́ páálí.