Bí A Ṣe Gun Kẹ̀kẹ́ Lọ Sórí Yr Wyddfa Kí Aago Mẹ́wàá Tó Lù

Aago mẹ́wàá àárọ̀ ni gbogbo ètò wa dá lé. Láti ọjọ́ kìíní oṣù karùn-ún títí di ìparí oṣù kẹsàn-án, àdéhùn wà pé kí ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ má ṣe gun òkè yìí dé góńgó, kó má sì sọ̀ kalẹ̀ láti ibẹ̀, láàárín aago mẹ́wàá àárọ̀ sí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́. Àdéhùn ni, kì í ṣe òfin. Síbẹ̀, ẹni tó bá ti rí bí èrò ṣe ń wọ́ lórí òkè yẹn lọ́sàn-án Sátidé nínú oṣù keje kò ní béèrè ìdí.

Yr Wyddfa, tí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣì ń pè ní Snowdon, ni òkè tó ga jù lọ ní Wales. Mítà 1,085 ni. Àwọn tó ń fẹsẹ̀ gùn ún lọ́dún kan lé ní ìdajì mílíọ̀nù, rélùwéè kan sì tún ń kó èrò lọ síbẹ̀ láti ọdún 1896. Ọ̀nà mẹ́ta péré ló gba kẹ̀kẹ́ dé òkè: ti Llanberis, ti Snowdon Ranger àti ti Rhyd Ddu, nítorí pé ọ̀nà ẹlẹ́ṣin ni wọ́n. Òfin ọdún 1968 ló fún ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ láyè láti máa gba irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀, òfin kan náà ló sì ní ká máa yà fún ẹlẹ́sẹ̀ àti ẹlẹ́ṣin. Mo fẹ́ràn pé wọ́n so méjèèjì pọ̀. Ẹni tó bá gba àyè náà ti gba ojúṣe rẹ̀ mọ́ ọn. Ọ̀nà Pyg àti ọ̀nà Miners ńkọ́? Ti ẹlẹ́sẹ̀ nìkan ni wọ́n, kí kẹ̀kẹ́ má ṣe débẹ̀ rárá.

Èmi àti àbúrò mi ló jọ lọ. Oṣù kẹfà la mú, láàárín ọ̀sẹ̀, torí pé oòrùn máa ń yọ níbẹ̀ kí aago márùn-ún tó lù lásìkò yẹn. Ẹni tó bá fẹ́ràn ìrọ̀lẹ́ lè gbéra lẹ́yìn aago márùn-ún, ilẹ̀ kì í tètè ṣú. Àárọ̀ tẹ́ mi lọ́rùn jù ní tèmi: bí nǹkan kan bá bàjẹ́ lára kẹ̀kẹ́, ìmọ́lẹ̀ ń bọ̀ ni, kì í ṣe pé ó ń lọ.

Lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, bíréèkì ni mo kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Láti góńgó dé ìsàlẹ̀, ọ̀nà náà fẹ́rẹ̀ẹ́ wálẹ̀ tó mítà 1,000, gbogbo ìwúwo ara àti kẹ̀kẹ́ sì wà lọ́wọ́ bíréèkì nìkan. Mo pààrọ̀ èyí tó ti ń jẹ tán níwájú. Mo fa táyà le ju bí mo ṣe máa ń ṣe lọ, nítorí òkúta ibẹ̀ mú lẹ́nu. Mo wá de agogo kékeré kan mọ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́. Àwọn ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ kan ka agogo sí nǹkan ọmọdé, ṣùgbọ́n lórí òkè tí a jọ ń lò, mi ò rí ohun tó wúlò tó o. Oúnjẹ, omi, aṣọ òjò, ìbọ̀wọ́ àti aṣọ òtútù tún wà nínú àpò wa. Bí èèyàn bá gun mítà 1,000, ooru á ti fi nǹkan bíi dígírì 6 dínkù, ká má tíì sọ ti afẹ́fẹ́. Ilé Hafod Eryri wà lórí góńgó láti ọdún 2009, wọ́n sì ń ta oúnjẹ níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó máa ṣílẹ̀kùn fún wa láago yẹn.

A tan iná, a gbéra ní ìlú Llanberis nígbà tí ilẹ̀ kò tíì mọ́. Ọ̀dà ni ọ̀nà náà níbẹ̀rẹ̀, ó sì nà ró bí àkàbà. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ ti ń ná gbogbo agbára wọn tán kí òkè gan-an tó bẹ̀rẹ̀, nítorí náà a bọ́ sílẹ̀, a taari. Lẹ́yìn ìyẹn ni ọ̀nà olókùúta yà sọ́wọ́ òsì, a sì ráyè gùn ún dáadáa ní jíà tó kéré jù, ojú irin rélùwéè wà nítòsí, àwọn àgùntàn sì ń dìde kúrò lójú ọ̀nà fún wa.

Tí a bá ti kọjá Halfway House, ilé oúnjẹ kékeré kan lójú ọ̀nà, gígùn á dínkù, títaari á pọ̀ sí i. Ní Clogwyn, ọ̀nà gba abẹ́ afárá rélùwéè. Bí a ṣe yọ sí òdìkejì báyìí, afẹ́fẹ́ dojú kọ wá, àfonífojì sì là sílẹ̀ lápá òsì wa. Láti ibẹ̀ lọ, èjìká ló ń gbé kẹ̀kẹ́. Mo gbé irin àárín rẹ̀ kọ́ ẹ̀yìn ọrùn, mo fi ọwọ́ kan di táyà iwájú mú kó má baà máa yí, mo sì ń wo ibi tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ wá síbí, kó kọ́ bí a ṣe ń gbé kẹ̀kẹ́ nílé kó tó wá.

Ní Bwlch Glas, níbi tí òkúta gíga kan dúró sí, ọ̀nà mélòó kan pàdé. Àwọn tó wá wo yíyọ oòrùn ti ń sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀. "Bore da," ìyẹn ẹ káàárọ̀ ní èdè Wales, ni wọ́n ń kí wa, àwa náà sì ń dá wọn lóhùn bẹ́ẹ̀. A taari kẹ̀kẹ́ dé itòsí Hafod Eryri, a fi wọ́n sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, a fẹsẹ̀ gun àtẹ̀gùn tó kù. Kùrukùru bo apá kan, ṣùgbọ́n a rí adágún méjì nísàlẹ̀ kedere. A jẹun. Àbúrò mi ò jẹ́ kí n jókòó pẹ́.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká máa sọ̀," ló wí. "Àwọn èèyàn ti ń bọ̀."

Ọ̀nà Snowdon Ranger la gbà sọ̀, torí pé èrò ibẹ̀ kéré sí ti Llanberis. Mo rẹ ìjókòó kẹ̀kẹ́ sílẹ̀, mo ti ìdí sẹ́yìn, mo fi ìka kọ̀ọ̀kan lé bíréèkì. Ohun tó gba làákàyè jù níbẹ̀ ni àwọn òkúta tí wọ́n rì dábùú ọ̀nà kí òjò má baà wọ́ ilẹ̀ lọ. Wọ́n dúró lórí ẹ̀gbẹ́ ni, ẹnu wọn yọ síta, gọ́tà kékeré sì wà lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan. Tí táyà bá gbá wọn ní ẹ̀gbẹ́, ó lè yọ̀, ó sì lè bẹ́ lójú ẹsẹ̀. Ńṣe ni mo ń kojú kẹ̀kẹ́ sí wọn tààrà, mo ń tú bíréèkì sílẹ̀ díẹ̀ kó tó kàn án, mo ń gbé iwájú fúyẹ́ kọjá, kí n tó tún bíréèkì mú.

Ibi tí ọ̀nà ti ń ṣẹ́ kọ́rọ́kọ́rọ́ la ti pàdé àwọn mẹ́rin kan tó ń gòkè. Ìyá àgbà kan tó mú ọ̀pá lọ́wọ́ méjèèjì ló ṣíwájú wọn. Mo lu agogo lókèèrè kó má baà ta gìrì, mo dúró, mo sọ̀ kalẹ̀, mo gbé kẹ̀kẹ́ sí etí ọ̀nà lápá ìsàlẹ̀ kó lè rí apá òkè lò. Kì í ṣe orí koríko o. Gbogbo ẹni tó bá ń yà sínú koríko ló ń mú kí ọ̀nà náà fẹ̀ sí i, òjò á sì wá gbá ilẹ̀ ibẹ̀ lọ. Ìyá náà dúró mí díẹ̀, ó wo táyà wa, ó béèrè bóyá ọwọ́ kì í ro wá. Mo ní ó máa ń ro wá gan-an. Wọ́n kọjá tán pátápátá kí a tó gbéra. Ìwọ̀nba ìṣẹ́jú ni ìyẹn gbà.

Mo ti rí ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ tó ń pariwo kí wọ́n bìlà fún òun lórí irú ọ̀nà yìí, ó sì bí mi nínú. Bí àdéhùn yìí bá bàjẹ́, òfin tí yóò lé wa kúrò pátápátá ló kù tí wọn yóò máa bèèrè fún, àwa náà la ó fọwọ́ ara wa fà á.

Nígbà tí a kọjá adágún Llyn Ffynnon-y-gwas, ọ̀nà rọ̀ sí i. Kàkà ká máa lọ títí dé Llyn Cwellyn, a yà gba àfonífojì Maesgwm padà sí Llanberis. Ẹ gòkè díẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́, kí ẹ tó rí ìsọ̀kalẹ̀ tó dùn jù nínú gbogbo rẹ̀. Géètì wà lójú ọ̀nà, torí ẹran ọ̀sìn, ẹ rí i pé ẹ ti èyí tí ẹ bá bá ní títì padà.

Kò tíì tó aago mẹ́sàn-án nígbà tí a dé ìlú. Èrò ti kún ojú ọ̀nà ọ̀dà yẹn, àwọn òbí pẹ̀lú ọmọ kéékèèké, gbogbo wọn kọrí sókè.

Láti oṣù kẹwàá títí di ìparí oṣù kẹrin, kò sí ààlà aago, ṣùgbọ́n ojúmọ́ kúrú, yìnyín sì lè bo gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó wà lókè Clogwyn. Àwọn èèyàn ti yọ̀ kú níbẹ̀. Bí yìnyín bá wà, mi ò ní gbé kẹ̀kẹ́ kọjá Halfway House. Ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹwàá la fẹ́ padà lọ, lọ́jọ́ tí kì í ṣe òpin ọ̀sẹ̀, ọ̀nà Rhyd Ddu la sì fẹ́ gbà.