Bí Ẹ Ṣe Lè Kọ́ Ìtàn Òde Òní Àwọn Orílẹ̀-Èdè Éṣíà Láti Ilé-Ifẹ̀

Orílẹ̀-èdè kan ṣoṣo ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ dì mú. Ẹni tó lé eku méjì á pòfo. Ẹni tó fẹ́ ka Ṣáínà, Íńdíà àti Jàpáànù pọ̀ ní sáà kan, orúkọ lásán ló máa há sórí. Indonéṣíà la fara mọ́ fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, torí ọ̀rọ̀ ìjọba amúnisìn kò ṣàjèjì sí wa.

Nílé ìkàwé tó ń to ìwé bíi ti Library of Congress, ilé ìkàwé ńlá Amẹ́ríkà, ibi tí wọ́n kọ DS sí lára ìwé ni kẹ́ ẹ lọ: Indonéṣíà wà láàárín 611 sí 649, Ṣáínà bẹ̀rẹ̀ láti 701, Jàpáànù láti 801. Kẹ́ ẹ tó ṣí ìwé rárá, ẹ wo ọdún tí wọ́n tẹ̀ ẹ́. Ìwé lórí ogun Vietnam tí wọ́n tẹ̀ ṣáájú 1975 kò lè mọ bí ogun náà ṣe parí.

Ẹ fa ìlà sí ìwé yín kó pín sí mẹ́ta: ọdún, ohun tó ṣẹlẹ̀, ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀. Ìkẹta yìí ni akẹ́kọ̀ọ́ máa ń fò, òun gan-an ló sì ń gbani. Ìwé kan á ní 1945 ni Indonéṣíà gbòmìnira, òmíràn á ní 1949. Kò sí èyí tó purọ́. Ọjọ́ 17 oṣù kẹjọ ọdún 1945, ọjọ́ méjì lẹ́yìn tí Jàpáànù túúbá nínú Ogun Àgbáyé Kejì, ni Sukarno àti Hatta, àwọn aṣáájú Indonéṣíà, kéde òmìnira ní Jakarta. Àwọn Dutch, ìyẹn àwọn ará Netherlands tó ń ṣàkóso ibẹ̀ tẹ́lẹ̀, fárí gá, wọ́n gbé ìbọn padà wá. Ọjọ́ 27 oṣù kejìlá ọdún 1949 ni wọ́n tó gbé ìjọba sílẹ̀. Bẹ́ ẹ bá kọ ọdún kan ṣoṣo, ẹ ti gbàgbé ogun tó wà láàárín méjèèjì.

Orúkọ náà ń da èèyàn láàmú. Mao Zedong, olórí Ṣáínà nígbà kan, náà ni Mao Tse-tung; ọ̀nà ìkọ̀wé ló yàtọ̀. Mao ni orúkọ ìdílé, abẹ́ M nínú atọ́ka ẹ̀yìn ìwé lẹ ti máa rí i. Vo ni orúkọ ìdílé Vo Nguyen Giap, ọ̀gágun Vietnam, ṣùgbọ́n Giap ni gbogbo ayé ń pè é, nítorí náà ẹ wo V, kẹ́ ẹ tún wo G. Sukarno ní tiẹ̀ kò ní orúkọ ìdílé kankan.

Tẹ́ ẹ bá rí Showa 20, ìyẹn ogún ọdún sáà ọba Hirohito, nínú ìwé Jàpáànù, 1925 lẹ máa fi kún un, kì í ṣe 1926 tí ọba gorí ìtẹ́, torí ọdún tó jọba wà nínú kíkà, bí a ṣe ń ka òní mọ́ ọjọ́ ọjà. Ó di 1945. Fún Meiji, sáà ọba mìíràn, ẹ fi 1867 kún un.

Lẹ́yìn èyí, ẹ lọ bá àwọn àgbà n'Ifẹ̀ tàbí Iléṣà tí bàbá wọn lọ sógun Bọ́mà (Myanmar òde òní) nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Ẹ béèrè lẹ́tà, fọ́tò, tàbí àmì ẹ̀yẹ Burma Star, kẹ́ ẹ sì kọ nọ́ńbà tó wà lára ìwé ológun sílẹ̀. Bí wọ́n bá ní 1941 ni bàbá wà ní Bọ́mà, ẹ rọra bi wọ́n bóyá Somalia tàbí Ẹtiópíà ni, torí ibẹ̀ làwọn ọmọ ogun Nàìjíríà ti jà lọ́dún náà. Ọdún 1943 ni Division 81, ẹgbẹ́ ọmọ ogun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tó lọ jà ní Bọ́mà, tó dé Íńdíà.