Nọ́ọ̀tì tó gba ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ́wọ́ mi

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko, pẹ̀lú owó wáyà tuntun tí kò yẹ kí n rà rárá, nọ́ọ̀tì kan tí kò tó orí àtàǹpàkò ló kó gbogbo rẹ̀ jẹ. Inú ṣì ń bí mi.

Iṣẹ́ náà nìyí. Kírísítálì kan wà tí wọ́n ń pè ní YIG, mágínẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi irin, yttrium àti ọ́síjìn ṣe. Tèmi rí roboto, 0.5 mm péré. Bó bá bọ́ sílẹ̀, orí ìkúnlẹ̀ ni wà á ti máa wá a. A máa ń gbé e sínú àpótí bàbà kékeré, a ó máa rán máíkíróweéfù sí i, a ó sì máa yí agbára mágínẹ́ẹ̀tì ìta díẹ̀díẹ̀. (Ìyá mi gbọ́ máíkíróweéfù lórí fóònù, wọ́n ní, "Ṣé o wá ti jẹun báyìí?") Tó bá ti tó nǹkan bíi 0.36 tesla, kírísítálì á máa jó ní 10 GHz (ìgbà bílíọ̀nù mẹ́wàá ní ìṣẹ́jú àáyá kan), bíi ti àpótí gan-an, àmì tó ń jáde láti inú àpótí, tó rí bí òkè kan ṣoṣo lójú kọ̀ǹpútà, á sì là sí méjì.

Bí wọ́n ṣe ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọ̀pá kò le, mi ò ní sọ ọ́. Ẹ ṣáà má gbé e sáàárín àpótí. Ẹ̀gbẹ́ ògiri ni agbára mágínẹ́ẹ̀tì máíkíróweéfù ti pọ̀.

Lọ́jọ́ kìíní ni mo ti rí òkè méjì, nǹkan bíi 90 MHz ló wà láàárín wọn. Mo fò sókè. Ọ̀gá mi wò ó, wọ́n ní jangirọ́fà méjì tí a so pọ̀ náà á ṣe bẹ́ẹ̀, kò tíì jẹ́ ti kúáńtọ́mù, ìyẹn ayé àwọn ẹyọ tó kéré jù lọ. Òótọ́ ni: nínú ooru yàrá, nǹkan bíi 600 fótọ́ọ̀nù (ẹyọ tó kéré jù lọ nínú máíkíróweéfù) tí ẹnikẹ́ni ò pè ló ń jẹ̀ nínú àpótí náà. Ó di kí ó tutù dé nǹkan bíi 20 mK (ó kù díẹ̀ kó kan òtútù tí ohunkóhun ò lè kọjá), irú èyí tí ẹgbẹ́ onímọ̀ físíìsì Nakamura ṣe ní Tokyo lọ́dún 2014.

Ibẹ̀ ni wàhálà ti dé. Fíríìjì wa máa ń lo ọjọ́ méjì kó tó tutù, ọjọ́ méjì kó tó móoru padà, àwọn míì sì wà lórí ìlà. Mo tì í, mo lọ sùn. Ní nǹkan bíi 80 K (-193 °C), àmì ojú kọ̀ǹpútà já wálẹ̀ wọ̀ọ̀, ó ku ariwo lásán. Mo ní kírísítálì ló bọ́. A mú un móoru, mo ṣí i: kírísítálì wà níbi tí mo lẹ̀ ẹ́ mọ́, àmì sì ti padà, ó ń dán bí ẹni pé kò sí ohun tó ṣe. Mo ra wáyà tuntun. A tún mú un tutù. Ní 80 K, ó tún kú.

Bàbá òyìnbó kan tó ń bá wa tún ẹ̀rọ ṣe ló wá fi ìka méjì di nọ́ọ̀tì ẹnu wáyà mú. Ó yí. "Ọwọ́ lo fi dì í?" Ọwọ́ ni. Téfúlọ́ọ̀nù inú ẹnu wáyà máa ń sún kì ju bàbà lọ nínú òtútù, á fa abẹ́rẹ́ àárín sẹ́yìn. Bó bá móoru, abẹ́rẹ́ á padà sáyè rẹ̀. Báwo ni mo ṣe fẹ́ mú irú olè bẹ́ẹ̀?

Sípánà kan wà tó máa ń dún "kọ́" bí nọ́ọ̀tì bá ti le tó. Láti ọjọ́ tí mo ti dé ló ti ń rọ̀ lára ògiri. Ẹ lò ó. Lẹ́yìn náà, kí ẹ tó dé ìdí fíríìjì, ẹ kọ́kọ́ ri ẹnu wáyà bọ náítírójìn olómi, 77 K, kí ẹ máa wo àmì. Ọ̀sán kan péré ni ì bá gbà mí.

Lẹ́ẹ̀kẹta, lálẹ́ Sátidé, 20 mK. Mo dín agbára máíkíróweéfù kù títí fótọ́ọ̀nù inú àpótí kò fi tó ẹyọ kan. Òkè méjèèjì dúró gbọn-in, wọn ò padà di ọ̀kan. Ọ̀gá mi ò dárúkọ jangirọ́fà mọ́. Owó wáyà ni wọ́n ń béèrè.