Bí ẹ ṣe lè fojú ara yín rí i bóyá èéfín ń bá ọrọ̀ ajé dàgbà

Ìgbàkigbà táwọn èèyàn bá ń jiyàn pé ṣé orílẹ̀-èdè tó ń gòkè àgbà lè lówó láì tú kábọ́nù sójú ọ̀run, ariwo ló máa ń pọ̀ ju ìṣirò lọ, bẹ́ẹ̀ ìṣirò yẹn ò le rárá, fóònù ọwọ́ yín ti tó láti ṣe é.

Ẹ kọ́kọ́ mú orílẹ̀-èdè kan, ẹ lọ wá GDP ẹ̀, ìyẹn àròpọ̀ iye gbogbo ọjà àti iṣẹ́ tí wọ́n ń pèsè níbẹ̀ lọ́dún kan, lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́dọ̀ World Bank. Ẹ jọ̀ọ́, èyí tí wọ́n kọ "constant" sí ni kẹ́ ẹ mú, ìyẹn èyí tí wọ́n ti yọ ọ̀wọ́ngógó kúrò nínú ẹ̀, torí tẹ́ ẹ bá mú ìkejì, ọjà tó wọ́n lásán lẹ máa pè ní ìdàgbàsókè. Iye tọ́ọ̀nù kábọ́nù, ìyẹn èéfín tá à ń sọ, wà lórí ìkànnì Our World in Data. Ẹ wo bí ọdún 10 sí 15, àmọ́ ẹ má fi 2020 bẹ̀rẹ̀, ẹ má sì fi parí, ọdún Kòrónà nìyẹn.

Ẹ wá wo bí ìkọ̀ọ̀kan ṣe lọ sókè sí. Ká ní ọrọ̀ ajé fi 60% dàgbà, èéfín fi 30% pọ̀ sí i, ẹ fi 60 pín 30, 0.5 nìyẹn. Tó bá wà ní bíi 1, àwọn méjèèjì jọ ń rìn ni. Tó bá kéré sí 0.8, ọrọ̀ ajé ti ń sáré ju èéfín lọ, àmọ́ èéfín ṣì ń pọ̀ o. Èyí tá à ń wá ni kí ọrọ̀ ajé máa gòkè kí èéfín máa wálẹ̀. Tí méjèèjì bá jọ wálẹ̀ ńkọ́? Ẹ wo Venezuela lẹ́yìn 2013, èéfín wọn dínkù lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọrọ̀ ajé tó dojú dé ló fà á, ìyà gidi ló jẹ àwọn èèyàn, kò sì yẹ kẹ́nikẹ́ni pe ìyẹn ní àṣeyọrí.

Ibi tó ṣe pàtàkì jù rèé: kí ló fà á tó fi rí bẹ́ẹ̀? Yoichi Kaya, ọmọ Jàpáànù, fi hàn pé nǹkan mẹ́rin ló ń lọ́po ara wọn kí èéfín tó jáde: iye èèyàn, owó tó kan ẹnì kọ̀ọ̀kan, agbára (bí iná, epo àti gáàsì) tá a fi ń pa owó yẹn, àti kábọ́nù tó wà nínú agbára náà. Kò sẹ́ni tó máa sọ fún tálákà pé kí owó ẹ̀ má pọ̀, torí náà orí méjì tó gbẹ̀yìn ni iṣẹ́ wà. Ní Kẹ́ńyà, ooru abẹ́ ilẹ̀ ní Olkaria ló ń mú ọ̀pọ̀ iná wọn wá, odò ló ń fún Etiópíà ní iná tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo èyí tí wọ́n ń lò, nígbà tó jẹ́ pé èédú ilẹ̀ ṣì ni bíi ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin iná mànàmáná Íńdíà. Sìmẹ́ǹtì tún wà ńbẹ̀, orílẹ̀-èdè tó ń kọ́lé, tó ń ṣe bíríìjì, kò lè sá fún un, òkúta ẹfun tí wọ́n ń sun fúnra ẹ̀ ló ń tú kábọ́nù jáde, kódà kó jẹ́ iná oòrùn ni wọ́n fi sun ún.

Kẹ́ ẹ tó dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi, ẹ pín in sórí èèyàn. Ṣáínà ló ń tú kábọ́nù jáde jù láyé, bíi 30%, ṣùgbọ́n bíi tọ́ọ̀nù 8 ló kan ẹnì kan níbẹ̀ lọ́dún, ti Amẹ́ríkà tó bíi 14, ti Íńdíà ò ju bíi 2 lọ. Ẹ tún tẹ "consumption-based" lórí Our World in Data, èyí tó ń ka èéfín sí ọrùn ẹni tó ń lo ọjà, torí tẹ́ ò bá tẹ̀ ẹ́, fóònù tí wọ́n ṣe ní Ṣáínà tí wọ́n ń lò ní Yúróòpù, ọrùn Ṣáínà ni wọ́n ń ka èéfín ẹ̀ sí.

Ohun tó máa ń dùn mí ni pé èéfín igbó tí wọ́n gé tàbí tí wọ́n sun kì í sí nínú iye tó máa kọ́kọ́ yọ sí yín. Tó bá jẹ́ Bràsíl, Indonéṣíà tàbí Kóńgò lẹ mú, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ "land-use change" sí, ẹ fi kún un, kẹ́ ẹ sì tún ìpín yẹn ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀.