Láti kátúùnù sí ọkọ̀ ojú irin gidi: àwọn àṣìṣe tó ń ba àwòrán yín jẹ́

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń yàwòrán lórí kọ̀ǹpútà láti Àjàṣẹ́ dé Kétu dé Ṣábẹ, ẹ kú iṣẹ́ o, ọwọ́ yín dáa, mi ò bá yín jà. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá ti ní kẹ́ ẹ mú ọkọ̀ ojú irin inú kátúùnù kẹ́ ẹ sọ ọ́ di ọkọ̀ gidi, irú èyí tó ń jẹ èédú tó ń mu omi láyé àtijọ́ yẹn, ibì kan náà ni gbogbo yín ń ṣubú sí. Ẹ ó pa ojú àti ẹnu rẹ́, ẹ ó fi ìpẹtà kùn ún láti orí dé ẹsẹ̀, ẹ ó jẹ́ kí èéfín dúdú máa rú túú, ẹ ó wá ní ó ti di gidi. Kò tíì di nǹkan kan. Ẹ̀rọ ni ọkọ̀ yìí, gbogbo ohun tó wà lára ẹ̀ ló níṣẹ́, èyí tí ò bá níṣẹ́ níbẹ̀, ẹ̀yin lẹ gbé e síbẹ̀.

Iwájú ẹ̀ ni ká ti bẹ̀rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni àṣìṣe pọ̀ sí jù. Tí ẹ bá yọ ojú kátúùnù yẹn kúrò, ẹ má fi páànù pẹlẹbẹ dí i, ẹ má sì sọ ojú méjèèjì di iná méjì bíi ti mọ́tò. Ilẹ̀kùn ló wà níbẹ̀. Ẹ̀yìn, lọ́dọ̀ awakọ̀, ni iná ti ń jó, ooru iná yẹn á gba inú àwọn páìpù tín-ínrín tó pọ̀ gan-an kọjá, omi ló yí àwọn páìpù náà ká, ibẹ̀ lomi ti ń hó, kí èéfín tó wá já sí yàrá kan níwájú pátápátá. Inú yàrá yẹn ni àjókù èédú máa ń kó jọ sí, ẹnì kan sì gbọ́dọ̀ máa ṣí i, kó fi ṣọ́bìrì gbọ́n ọn jáde. Àwòrán kan wà tí wọ́n gbé fún ẹ̀gbọ́n kan tó ń jó irin ní Kétu, ọmọ tó yà á ń retí kí wọ́n yìn ín, ẹ̀gbọ́n wò ó títí, wọ́n ní, "Ó dáa o, àbúrò. Eérú ńkọ́, ibo ni wọ́n ti ń kó o jáde?" Ọmọ ní eérú wo? Ẹ̀gbọ́n ò sọ̀rọ̀ mọ́, wọ́n dá pọ́tábù ẹ̀ padà fún un. Wọn ò kọ́ nípa ọkọ̀ ojú irin níbì kankan o, àmọ́ wọ́n mọ̀ pé ohun tí iná bá ń jó nínú ẹ̀ gbọ́dọ̀ ní ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú ẹ̀.

Nítorí náà ẹ ya ìdè ilẹ̀kùn sí ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ ya ọwọ́ tí wọ́n fi ń fún un pa sáàárín, ẹ jẹ́ kó hàn pé ó pa dé gbáà, tí afẹ́fẹ́ bá fi lè ráàyè wọ ibẹ̀, iná tó wà lẹ́yìn ò ní jó dáadáa mọ́. Ìdí rèé tí ọ̀pá èéfín náà fi gbọ́dọ̀ dúró lórí yàrá yẹn gan-an. Àwọn kan ń gbé e sí àárín bọ́ílà, ìyẹn àgbá irin ńlá tí omi ti ń hó, bóyá nítorí pé ó gún régé lójú wọn. Kò lè ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ooru omi tó bá ti ṣiṣẹ́ tán nínú sílíńdà, agolo irin tó ti ń ti pisitọ̀n lọ bọ̀ kí ẹsẹ̀ ọkọ̀ lè yí, ni wọ́n ń tú sókè láti ìsàlẹ̀ ọ̀pá náà, bó ṣe ń jáde pẹ̀lú agbára ló ń fa èéfín dání, tó sì ń fa afẹ́fẹ́ tuntun wọnú iná lẹ́yìn. Ìró fúù-fúù tẹ́ ẹ máa ń gbọ́ yẹn nìyẹn, ọkọ̀ onísílíńdà méjì máa ń ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́rin tí ẹsẹ̀ ẹ̀ bá yí po lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fi ohùn sí fídíò ẹ gbọ́ o, ẹ yé fi ìró tó bá ṣáà ti wù yín sí i.

Bọ́ílà gbọ́dọ̀ rí roboto. Mo ti rí onígun mẹ́rin, mo rẹ́rìn-ín. Agbára tí ooru omi fi ń ti ara ẹ̀ látinú lè tó báà 10 sí 16 (báà ni wọ́n fi ń wọn irú agbára bẹ́ẹ̀), irin onígun ò fẹ́ràn irú ẹ̀.

Ó ya, ẹsẹ̀. Thomas, ọkọ̀ búlúù tí gbogbo ọmọ mọ̀, ni ọ̀pọ̀ yín máa ń mú, ẹ jẹ́ ká lò ó. Ọkọ̀ gidi kan wà tí wọ́n wò ya Thomas, E2 ni wọ́n ń pè é, Brighton nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti ṣe é láàárín 1913 sí 1916, mẹ́wàá péré ni wọ́n ṣe, gbogbo ẹ̀ ni wọ́n sì ti gé lulẹ̀ kí 1963 tó parí, kò sí ìkankan mọ́ téèyàn lè lọ wò. Sílíńdà méjèèjì inú ni wọ́n wà, láàárín àwọn ẹsẹ̀, ẹ ò lè rí wọn látìta. Ẹ̀yin wá lọ gbé sílíńdà ràgàjì méjì sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ níta, ẹ ní kó lè jọ gidi. Kátúùnù ló jọ gidi níbẹ̀ yẹn o, ẹ̀yin lẹ bà á jẹ́. Ohun tí kátúùnù yí padà ni pèpéle tó yí ọkọ̀ náà ká, ti Thomas wọlẹ̀ níwájú, ti E2 sì lọ tààrà. Ibi tó yẹ kẹ́ ẹ tún ṣe nìyẹn, ẹ fi í sílẹ̀.

Tó bá jẹ́ ọkọ̀ tí sílíńdà ẹ̀ wà níta lẹ yàn, kò burú, àmọ́ ẹ ṣírò. Tí pisitọ̀n bá ń rìn sẹ́ńtímítà 66 lọ, 66 bọ̀, ibi tí ọ̀pá ti so mọ́ ẹsẹ̀ gbọ́dọ̀ jìnnà sí àárín ẹsẹ̀ náà ní sẹ́ńtímítà 33, kò gbọdọ̀ wà létí ibi tó kan irin ilẹ̀ bí ẹ ṣe máa ń yà á. Ọ̀pá ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún àti tòsì ò sì gbọdọ̀ wà lójú kan náà. Tí tọ̀tún bá wà lókè, kí tòsì wà níwájú tàbí lẹ́yìn, torí tí méjèèjì bá jọ nà tán lẹ́ẹ̀kan náà, ọkọ̀ ò ní lè gbéra. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fi Blender, ètò kọ̀ǹpútà yẹn, yàwòrán lọ̀rọ̀ yìí bá wí jù, ẹ ń ya ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ ń fi dígí yí i sódì kejì, ó tán.

Àwa tá a kàwé ní Faransé, ìdẹkùn kan tún wà fún wa. Ẹ ó rí ìwé ilẹ̀ Faransé tó ní ọkọ̀ báyìí 141 ni, ẹ ó wá ya ẹsẹ̀ kan níwájú, mẹ́rin láàárín, ọ̀kan lẹ́yìn, àpapọ̀ mẹ́fà. Rárá o. Méjì-méjì ni Faransé ń kà á, ẹsẹ̀ ọ̀tún àti òsì tó wà lórí ọ̀pá kan, ọ̀kan ni lójú wọn. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń ka ẹsẹ̀ ní ẹyọ-ẹyọ, 141 yẹn ni wọ́n ń pè ní 2-8-2, ẹsẹ̀ méjìlá ló ní. E2 tá a ní yẹn, 0-6-0 ni lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì, 030 lọ́wọ́ Faransé. Ẹni tó bá da méjèèjì pọ̀, ọkọ̀ tí kò sí láyé ló ń yà.

Ìwọ̀n ńkọ́? Ẹ gbé èèyàn kan tó ga tó mítà 1.70 sínú ibi tí awakọ̀ ń dúró sí kẹ́ ẹ wò bóyá orí ẹ̀ ò ní gbá òrùlé, kátúùnù ò bìkítà fún ìyẹn. Mo sì mọ̀ pé àwọn kan lára yín fi téèpù wọn irin tó gba Ṣábẹ kọjá, èyí tó ti Kútọnu lọ sí Parakou ní kìlómítà 438, ẹ gbìyànjú gan-an, iṣẹ́ ọpọlọ ni. Ṣùgbọ́n tiwa, mítà 1 ni àlàfo tó wà láàárín irin méjèèjì. Ti Gẹ̀ẹ́sì tí Thomas ń gùn jẹ́ mítà 1.435. Ẹ gbé ọkọ̀ wọn ka orí irin wa, ẹ fún ẹsẹ̀ ẹ̀ pọ̀ kó lè wọlé, ó wá dà bí ẹni tó wọ bàtà ọmọ ẹ̀. Tó bá jẹ́ irin wa lẹ fẹ́ lò, ẹ wá ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún irin mítà 1, wọ́n pọ̀.

Ti ìpẹtà yẹn, mo bẹ̀ yín. Ọkọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́, wọ́n ń nù ún, wọ́n ń fi epo ra á, èyí tí wọ́n pa tì ló ń dípẹtà káàkiri. Ìdọ̀tí ní ibi tó ń gbé. Dúdú èéfín wà nídìí ọ̀pá èéfín àti orí òrùlé awakọ̀, lẹ́búlẹ́bú èédú wà níbi tí wọ́n ń kó èédú sí, epo dúdú wà lára àwọn ọ̀pá ẹsẹ̀, ilà funfun tí omi líle máa ń fi sílẹ̀ tó bá gbẹ sì ń ṣàn wálẹ̀ lára bọ́ílà níbi tí omi ti ń jò. Èéfín dúdú kìkì, ẹni tí ò mọ iná dá ló ń ṣe é. Ẹ sì rántí pé kùrukùru funfun ńlá tẹ́ ẹ ń rí nínú fọ́tò ilẹ̀ Yúróòpù, òtútù ló ń jẹ́ kó hàn bẹ́ẹ̀, tí ẹ bá gbé ọkọ̀ yín sínú oòrùn oṣù kẹta ní Kétu, kíá ló máa pòórá.

Ó ku ẹ̀yìn ọkọ̀. Kátúùnù kì í sábà fi í hàn, ẹ̀yin náà á wá fi í sílẹ̀ ní òfìfo. Ẹ̀yìn yẹn ni èédú wà fún irú ọkọ̀ tí ò fa ọkọ̀ kékeré tó ń gbé omi àti èédú tẹ̀ lé ara ẹ̀, omi ẹ̀ wà nínú táǹkì méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́, kí táǹkì kọ̀ọ̀kan ní ìdérí lókè tàbí kí wọ́n ní páìpù tó so wọ́n pọ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹ sọ fún mi ibi tí wọ́n ń gbà bu omi sí i. Ẹ ya ìkọ́ tó ń fa ọkọ̀ èrò, ẹ ya ohun méjì tó ń gba gbígbún tí ọkọ̀ bá kan ọkọ̀ sọ́tùn-ún sósì, ẹ ya ibi tí wọ́n ń fi àtùpà kọ́, kẹ́ ẹ tó fi ránṣẹ́ sí mi.