Ta ló ń bá ta sọ̀rọ̀? Bí olùkọ́ Yorùbá ṣe lè fi àwùjọ ṣe ìpìlẹ̀ ẹ̀kọ́

“Báwo ni?” ni ọ̀pọ̀ olùkọ́ fi ń ṣí ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ fún àlejò tó fẹ́ gbọ́ Yorùbá. Ó kúrú, ó rọrùn lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ ẹni là ń kí bẹ́ẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá gbé e dé iwájú ìyá àgbà kò ṣi gírámà, kò ṣi ohùn, síbẹ̀ gbogbo ilé á wò ó bí ẹni tí wọn ò kọ́ nílé. Nítorí irú àṣìṣe yìí ni ìmọ̀ ìbáṣepọ̀ èdè àti àwùjọ ṣe kan olùkọ́ gbọ̀ngbọ̀n: ó ń yẹ ẹni tó ń sọ̀rọ̀ wò, ẹni tí ó ń bá sọ ọ́, ibi tí wọ́n wà àti ohun tó kó wọn jọ. Dell Hymes, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà tí àpilẹ̀kọ rẹ̀ tó gbajúmọ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí jáde ní 1972, ló ta ko èrò pé ẹni tó bá ti lè to gbólóhùn ti gbọ́ èdè. Ohun tó kàn wá níbí ni bí ẹ ṣe máa lo ìmọ̀ yìí nínú kíláàsì, ìbáà jẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ ọjọ́ Sátidé ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí orí Zoom.

Ẹ kọ́kọ́ wádìí àwọn tí akẹ́kọ̀ọ́ fẹ́ bá sọ̀rọ̀

Kí ẹ tó ṣí ìwé kankan, ẹ fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá bi akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan ní ìbéèrè mẹ́rin. Ta ló fẹ́ máa bá sọ Yorùbá? Ìlú wo ni ẹni náà ti wá? Ṣé ojúkojú ni wọ́n ti ń ríra tàbí orí fóònù? Bí ẹni náà bá sọ Yorùbá sí i lónìí, èdè wo ló fi ń dáhùn? Ẹ kọ ìdáhùn sílẹ̀, nítorí òun ni yóò sọ ohun tí ẹ ó kọ́kọ́ kọ́ ọ.

Ọmọ tí wọ́n bí sí Lọ́ńdọ̀nù sábà máa ń gbọ́ ju bí ó ṣe ń sọ lọ. Àṣẹ ló kún etí rẹ̀: “wá jẹun”, “dákẹ́”, “lọ wẹ̀”. Gbogbo rẹ̀ ni wọ́n sọ sí ọmọdé, nítorí náà bí ó bá máa la ẹnu, ohun tí ó gbọ́ náà ni yóò dá padà fún ìyá rẹ̀: “Mọ́mì, wá!” Kì í ṣe àfojúdi; ẹnikẹ́ni kò tíì sọ “ẹ wá” sí i rí ni. Ìyàwó tó fẹ́ ọmọ Yorùbá ní tirẹ̀ nílò èdè ilé ọkọ ṣáájú èdè ọjà. Ará Brazil tó ti inú Candomblé, ẹ̀sìn òrìṣà ilẹ̀ wọn, wá mọ “omi”, “obì”, “ẹbọ” àti “àṣẹ”, ó mọ orin, ṣùgbọ́n kò lè ra iṣu. Ẹ má sọ fún un pé ohun tó mọ̀ kò dára. Èdè ojúbọ ni tirẹ̀. Ẹ fi èdè ilé àti ti ọjà kún un, kí ẹ sì dá ohùn padà sára àwọn ọ̀rọ̀ tí èdè Potogí ti bọ́ ohùn kúrò lára wọn.

“Ẹ” ni kí ẹ kọ́kọ́ kọ́ wọn, kí “o” tẹ̀lé e

Ọ̀pọ̀ ìwé máa ń to arọ́pò-orúkọ báyìí: mo, o, ó, a, ẹ, wọ́n. Ètò gírámà nìyẹn, kì í ṣe ètò ewu. Ẹni tó bá sọ “ẹ” sí ẹgbẹ́ rẹ̀, wọ́n á kàn rẹ́rìn-ín. Ẹni tó bá sọ “o” sí àgbà ti di aláìlẹ́kọ̀ọ́. Nítorí náà, ní ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, “ẹ” nìkan ni kí ẹ lò: ẹ káàárọ̀, ẹ ṣé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ jókòó. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ẹ mú “o” wá gẹ́gẹ́ bí ohun tí à ń lò fún ọ̀rẹ́, àbúrò àti ọmọ.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù kò sí ní ìbẹ̀rẹ̀ gbólóhùn. Akẹ́kọ̀ọ́ á rántí “ẹ” níwájú, á gbàgbé ìyókù: “Ẹ kú iṣẹ́, sà. Mo ti gbé ìwé rẹ wá fún ọ.” Ọ̀wọ̀ náà ti já ní àárín ọ̀nà. Ibi márùn-ún ló gbọ́dọ̀ ti hàn:

olùwà: o lọ / ẹ lọ
àbọ̀: mo rí ọ / mo rí yín
ohun ìní: ilé rẹ / ilé yín
ìtẹnumọ́: ìwọ ni / ẹ̀yin ni
àṣẹ: jókòó / ẹ jókòó

Ẹ fi káàdì kọ́ ọ. Ẹ gé páálí sí ọ̀nà méjìlá, kí ẹ kọ ẹnì kan sí ọ̀kọ̀ọ̀kan: bàbá ọ̀rẹ́ mi, àbúrò mi, awakọ̀, ìyá oníṣu, ọmọ ọdún mẹ́ta, olùkọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ á sọ gbólóhùn kan ṣoṣo, ẹ̀yin á máa yí káàdì, òun náà á máa yí gbólóhùn. Ìṣẹ́jú márùn-ún lójúmọ́ tó. Bí ó bá kọsẹ̀, ẹ má ṣàlàyé. Ẹ kàn tún gbé káàdì náà sókè.

Ẹnì kẹta tún wà níbẹ̀. “Bàbá mi ti dé, ó ń jẹun” kò bójú mu lẹ́nu ọmọ. “Wọ́n ti dé, wọ́n ń jẹun” ni. Akẹ́kọ̀ọ́ á béèrè pé ènìyàn mélòó ló dé. Ẹ jẹ́ kó mọ̀ pé ìtumọ̀ méjèèjì wà níbẹ̀, àti pé ohun tí à ń sọ bọ̀ ló máa fi èyí tó jẹ́ hàn.

Àwọn tó gbọ́ Faransé, bí àwọn ará Benin àti Togo, á sọ pé àwọn ti mọ̀ ọ́n, pé “tu” (o) àti “vous” (ẹ) ni. Ìrànlọ́wọ́ ni, àmọ́ pàkúté wà ńbẹ̀. Àwọn onímọ̀ méjì, Brown àti Gilman, fi hàn ní 1960 pé ní àwọn èdè Yúróòpù, ìsúnmọ́ra ti ń borí ipò: bí ènìyàn méjì bá ti di ọ̀rẹ́, wọ́n á bọ́ sí “tu”. Ní Yorùbá, ìfẹ́ kì í pa ọjọ́ orí rẹ́. Ẹ̀gbọ́n ẹni lè jẹ́ alábàárò ẹni fún ogún ọdún, “ẹ” náà ni. Ẹ sọ èyí fún wọn ní tààrà, nítorí akẹ́kọ̀ọ́ máa ń rò pé bí àǹtí kan bá ti ń bá òun ṣeré, àkókò ti tó láti yí padà.

Àṣejù náà wà. Ẹni tó ti bẹ̀rù “ó” tán á wá sọ “ẹ dàárọ̀” àti “ẹ dàbọ̀”. “Ó” inú “ó dàárọ̀” kò tọ́ka sí ẹni tí à ń kí. Ẹ jẹ́ kó sọ “ó dàárọ̀, mà”, kí ọ̀wọ̀ gba ara “mà” wọlé. Bẹ́ẹ̀ ni Ọlọ́run, tó ju gbogbo àgbà lọ, “ìwọ” là ń pè é nínú àdúrà.

Ọjọ́ orí nìkan kọ́

Ìyàwó ilé gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ọjọ́ tí ènìyàn wọ ilé náà ní ìwọ̀n tirẹ̀. Ọmọ tí wọ́n ti bí sínú ẹbí kí ó tó wọlé, “ọkọ” rẹ̀ ni ní àṣà, bí ọmọ náà tilẹ̀ kéré sí i. Kì í pe irú wọn ní orúkọ. Ó máa ń fún wọn ní orúkọ àpọ́nlé bí Akọ̀wé, Adúmáadán tàbí Ìbàdí-àrán. Lóde òní, ọ̀pọ̀ ilé ti fi “bọ̀dá” àti “àǹtí” rọ́pò wọn. Ẹ kọ́ ọ ní “bọ̀dá” àti “àǹtí” láti lò, kí ẹ fi ìyókù hàn án kí ó lè dá a mọ̀.

Orúkọ pípè gan-an nílò ẹ̀kọ́ kan odindi. “Kí ni orúkọ rẹ?” wà nínú ìwé gbogbo, ọmọdé là ń bi í. Fún àgbà, “Kí ni kí n máa pè yín, mà?” dára jù, ìdáhùn sì lè jẹ́ “Ìyá Bọ́lá”. Lọ́jà, kí akẹ́kọ̀ọ́ má sáré pe obìnrin kan ní “ìyá”; bí kò bá mọ̀ bí ó ṣe dàgbà tó, “àǹtí” kò ní fa ìjà. Bí wọ́n bá sì pe òun fúnra rẹ̀, “sà!” tàbí “mà!” ni ó ń jẹ́, kì í ṣe “kí ló dé?”

Ìkíni: ohun tó ṣẹlẹ̀ ni kí ẹ fi kọ́ ọ

“Ẹ kú” dà bí ìdè tí a lè so oríṣiríṣi nǹkan mọ́: iṣẹ́, ìjókòó, ìrìn, ọjọ́ mẹ́ta, ìnáwó. Mẹ́wàá tó fún oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́. Ìkíni oníṣẹ́ ọwọ́ bí “àrẹ̀dú” fún aláró àti “arínpa” fún ọdẹ dùn ún gbọ́, ṣùgbọ́n ẹ fi í sílẹ̀ di ìgbà tí akẹ́kọ̀ọ́ bá máa pàdé aláró.

Ibi tí a kò gbọ́dọ̀ fi tàfàlà ni ikú. Fún òkú àgbà, “ẹ kú ìnáwó” àti “ẹ kú ìsìnkú” bá a mu, nítorí ayẹyẹ ni ilé náà ń ṣe. Ẹni tó bá gbé “ẹ kú ìnáwó” lọ sọ́dọ̀ ẹni tó pàdánù ọmọ ti dá egbò sí i lára. “Ẹ kú ìrọ́jú” àti “Ọlọ́run á tù yín nínú” ni fún irú èyí, lẹ́yìn náà kí ó dákẹ́. Ẹ kọ́ wọn papọ̀ lọ́jọ́ kan náà, ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn.

Ara náà ń sọ̀rọ̀. Ìdọ̀bálẹ̀ àti ìkúnlẹ̀ ti kúrú sí títẹ ara díẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ìlú ńlá, ṣùgbọ́n títẹ díẹ̀ náà ṣe pàtàkì, àti pé ọwọ́ ọ̀tún là ń fi gba nǹkan. Ní orí Zoom, ẹ ní kí wọ́n tẹ orí bí wọ́n ṣe ń kí. Bí ẹnu bá ti mọ́ ọn láìsí ara, ó máa ń ṣòro láti dá a padà.

Yorùbá ti ta?

Yorùbá àjùmọ̀lò tí à ń kọ́ ní kíláàsì ní ìtàn. Samuel Ajayi Crowther, ọmọ Òṣogùn, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló túmọ̀ Bíbélì, tí odidi rẹ̀ jáde ní 1884. Ọ̀yọ́ ló pọ̀ jù nínú èdè náà. Kò túmọ̀ sí pé ìyá àgbà tó ń sọ “ulé” ní Èkìtì ṣi “ilé” pè, tàbí pé ará Ìbàdàn tó ń sọ “isẹ́” kò mọ “iṣẹ́”. Ẹ pín ìwé akẹ́kọ̀ọ́ sí ìlà méjì: “etí mi” àti “ẹnu mi”. Àjùmọ̀lò ni kí ó kọ sí ìlà ẹnu. Ohun tó bá gbọ́ nílé, kí ó kọ ọ́ sí ìlà etí bó ṣe gbọ́ ọ. Márùn-ún lọ́sẹ̀ tó. Bí olùkọ́ bá fi pẹ́ńsù pupa pa èdè ìyá àgbà rẹ́, ọmọ náà kò ní sọ ti ìyá àgbà, kò sì ní sọ ti olùkọ́.

Ohun kan tó máa ń da olùkọ́ rú: ní púpọ̀ nínú àwọn ẹ̀ka-èdè gúúsù ìlà-oòrùn, bí Oǹdó àti Ìkálẹ̀, arọ́pò-orúkọ kan náà ló ń dúró fún “ẹ” àti “wọ́n”, àti pé “ẹ” ọ̀wọ̀ kò fìdí múlẹ̀ níbẹ̀ bíi ti Ọ̀yọ́. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá sọ pé wọn kì í sọ “ẹ” nílé àwọn, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òótọ́. Kí ó máa lo tilé nílé, kí ó máa lo “ẹ” níta.

Àkọtọ́ náà kò kúrò níbẹ̀. Lẹ́tà bàbá àgbà tó ti pẹ́ lè ní “aiye”, “enia”, “nwọn” àti “yio” nínú, nítorí ó ti kọ́ ìwé kí àkọtọ́ 1974 tó dé. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ní ẹbí ní Benin lè rí “ishɛ́” àti “ɔkpɛ́” dípò “iṣẹ́” àti “ọpẹ́”. Ìdajì wákàtí kan tó láti fi wọ́n hàn án.

Àmúlùmálà

Ẹ má fòfin de Gẹ̀ẹ́sì pátápátá. “Tábìlì”, “búrẹ́dì” àti “ṣíbí” ti di tiwa, bí “wàhálà” ṣe gba ọ̀nà Hausa wọlé. Àmúlùmálà bí “mo fẹ́ call ọ” jẹ́ èdè ọ̀rẹ́ sí ọ̀rẹ́ ní Èkó; kí akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́ ọ, kí ó mọ ẹni tó lè sọ ọ́ sí. Ìgbà tí ó bá jẹ́ pé ọ̀rọ̀-ìṣe ni ó ń yá nígbà gbogbo ni kí ẹ dá sí i, nítorí ibẹ̀ ni Yorùbá rẹ̀ ti dáwọ́ dúró. Ní ti òǹkà, ẹ fi èyí tí ọjà ṣì ń lò ṣáájú: igba, ọ̀ọ́dúnrún, irinwó, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta, ẹgbẹ̀rún. Nọ́ńbà fóònù, Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo ayé fi ń pè é. Ẹ má fi àkókò ṣòfò lé e lórí.

Máàkì àti ilé

Nínú ìdánwò ẹnu, ẹ fún gbólóhùn ní máàkì mẹ́rin nínú mẹ́wàá, kí ẹ fún yíyan ọ̀rọ̀ tó yẹ ẹni náà ní mẹ́fà. Ẹ gba ohùn rẹ̀ sórí fóònù fún ìṣẹ́jú méjì ní ọ̀sẹ̀ kẹfà àti ìkejìlá, pẹ̀lú káàdì kan náà, kí ẹ gbé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn.

Ibi tí gbogbo rẹ̀ ti sábà ń bàjẹ́ ni ilé. Akẹ́kọ̀ọ́ á gbìyànjú, àǹtí á bú sẹ́rìn-ín, á sì fi Gẹ̀ẹ́sì dá a lóhùn. Ẹ kọ àtẹ̀jíṣẹ́ kúkúrú sí ẹbí: kí wọ́n fún un ní ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá kí wọ́n tó ràn án lọ́wọ́, kí wọ́n tún gbólóhùn rẹ̀ sọ bó ṣe tọ́ láìbá a wí, kí wọ́n má sì bẹ àlejò pé kí ó wá gbọ́ bí “òyìnbó” wọn ṣe ń sọ Yorùbá. Bí àǹtí kò bá gbà, ẹ wá ẹlòmíràn nínú ẹbí náà tó ní sùúrù, ìbáà jẹ́ orí fóònù, kí ẹ ṣètò ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún pẹ̀lú rẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀.